Ìyá Ẹ-Dákẹ́ àti Ọmọ Àwòdì

Òótọ́ pọ́ńbélé ni gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Bí mo bá fi irọ́ kan ṣoṣo kún un, kí eyín mẹ́ta tó kù lẹ́nu mi já bọ́ sínú tíì àárọ̀ ọ̀la, kí n sì gbé wọn mì. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú ẹbí ń sọ lẹ́yìn mi pé bí mo bá ní òjò ń rọ̀, kéèyàn kọ́kọ́ yọjú wo ìta. Ẹ má dá wọn lóhùn. Ọ̀rọ̀ yìí ṣojú mi. Ibi tí kò ti ṣojú mi, ó ṣetí mi. Ibi tí kò ṣetí mi, ẹni tí kò mọ irọ́ ọ́ pa ló sọ ọ́ fún mi.

Àbúrò mi obìnrin ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Télọ̀ ni. Ìyá Ẹ-Dákẹ́ ni gbogbo àdúgbò ń pè é, iṣẹ́ kejì tó ń ṣe ló sì bí orúkọ náà. Yàrá méjì ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní, ó fara ti ilé tí òun àti ọkọ rẹ̀ ń gbé. Ti iwájú ni ti aṣọ: ẹ̀rọ ìránṣọ méjì, ọ̀kan ń ṣiṣẹ́, ìkejì ti di tábìlì, àjákù aṣọ nílẹ̀ bí ewé tó wọ́, àti dígí gígùn kan tó máa ń mú kí oníbàárà tẹ́ẹ́rẹ́ ju bí Ọlọ́run ṣe dá a lọ. Dígí yẹn ni kì í jẹ́ kí wọ́n lọ sọ́dọ̀ télọ̀ míì. Yàrá ẹ̀yìn ni ti àwọn aláìsàn. Ẹ má rò pé èèyàn ni mò ń wí. Ẹranko igbó àti ẹyẹ ojú ọ̀run ni, tí ọkọ̀ gbá, tí ajá bù jẹ, tí wáyà gé lápá: ọ̀kẹ́rẹ́, òwìwí, lékèélékèé, ìjàpá tí igbá ẹ̀yìn rẹ̀ ti là.

Awakọ̀ takisí kan ló kó o sínú iṣẹ́ yìí. Ó gbé lékèélékèé tó fara pa wọlé nínú fìlà, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá mi rán an."

Àbúrò mi wo fìlà náà. "Ibo ló ti ya?"

"Kì í ṣe fìlà, mà. Ẹni tó wà nínú rẹ̀ ni."

Kò rán an o. Ó fi aṣọ funfun wé e, ó gbé e lọ bá dókítà ẹranko. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni dókítà yẹn, ó ga débi pé ó máa ń bẹ̀rẹ̀ wọ ilé bí ẹni ń wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó wo bí àbúrò mi ṣe wé apá ẹyẹ náà, ó ní, "Màmá, ọwọ́ yín rọ̀. Ṣé ẹ máa lè bá mi tọ́jú irú wọn?" Ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Òfin kan ni dókítà kọ́ ọ tó ju gbogbo òfin lọ: ẹ má bá wọn sọ̀rọ̀. Ó ní ẹranko tó bá ti mọ ohùn èèyàn bí ọmọ ṣe ń mọ ohùn ìyá rẹ̀ kò ní sá fún èèyàn mọ́. Bí wọ́n bá dá a padà sígbó, ẹni àkọ́kọ́ tó bá gbọ́ ohùn rẹ̀ ló máa sáré lọ bá, ẹni náà sì lè mú igi dání.

Àbúrò mi gba òfin yìí bí ẹni gba ẹ̀sìn. Ó rán ẹ̀wù aláwọ̀ eérú kan tó ní fìlà lára, tó bò ó láti orí dé ẹsẹ̀, kí ẹranko má baà rí ojú rẹ̀. Ẹ̀mú gígùn ló fi ń fún wọn lóúnjẹ. Kò sọ ọ̀kan nínú wọn lórúkọ. Bí oníbàárà bá húkọ́ ní yàrá iwájú, bí ọmọ bá sunkún lẹ́yìn ìyá rẹ̀, bí ẹnì kan bá rẹ́rìn-ín ju bó ṣe yẹ lọ, yóò fi ìka lé ètè: "Ẹ dákẹ́!" Ẹni tó bá wá gbé aṣọ ìgbéyàwó, ó máa yọ̀ lójú pópó ni, kì í yọ̀ níbẹ̀.

Ẹni tí òfin yìí kò bá lára mu ni ọkọ rẹ̀, àna mi. Káfíńtà ni, èèyàn dáadáa, ṣùgbọ́n Ọlọ́run gbàgbé láti fi ìdérí sí i lẹ́nu. Igi pàápàá, ó máa ń bá a jíròrò: "Dúró jẹ́ẹ́, ìwọ pákó yìí. Ayùn ni, kì í ṣe ikú." Òun ló kan gbogbo àgò inú yàrá ẹ̀yìn, òun náà ló sì ba ọ̀kẹ́rẹ́ kan jẹ́. Ó ń pa àwàdà fún un lójoojúmọ́. Nígbà tí wọ́n tú ọ̀kẹ́rẹ́ náà sílẹ̀, ó padà wá, ó lọ jókòó sínú àpótí irinṣẹ́ àna mi, ó ń dúró de àwàdà. Ọ̀dọ̀ dókítà ló wà títí dòní, nínú àgò.

Ọjọ́ yẹn, àbúrò mi bú ọkọ rẹ̀ lójú gbogbo ayé. Mo wà níbẹ̀. Àwọn oníbàárà wà níbẹ̀. Ìyá Aládìẹ, tó ń sin adìẹ nílé kejì, wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ìyẹn túmọ̀ sí pé gbogbo àdúgbò ló wà níbẹ̀. Ó ní, "Bàbá àwọn ọmọ, ẹnu yín ló sọ ẹranko yẹn sẹ́wọ̀n. Ẹnu yín!" Ó mú ṣọ́ọ̀kì tó fi ń sàmì sí aṣọ, ó bẹ̀rẹ̀, ó fa ìlà funfun sí ẹnu ọ̀nà yàrá ẹ̀yìn. "Ẹ ò gbọdọ̀ kọjá ibí mọ́." Àna mi rẹ́rìn-ín, ó họ orí, ó lọ sílé. Ó gbàgbé òòlù rẹ̀ síbẹ̀. Káfíńtà tó bá gbàgbé òòlù, ẹ mọ̀ pé nǹkan ti ṣe é. Bàbá Ọ̀kẹ́rẹ́ ni wọ́n ń pè é láti ọjọ́ náà.

Lẹ́yìn èyí ni ìjì wó igi ńlá kan lẹ́yìn ilé-iṣẹ́ búlọ́ọ̀kù, ìtẹ́ àwòdì sì wà lórí rẹ̀. Ọmọ kan ṣoṣo ló yè, apá rẹ̀ kan ti ṣẹ́. Dókítà tò ó, ó dì í, ó gbé e fún àbúrò mi.

Ìyá Aládìẹ gbọ́, ó káwọ́ lérí. "Àwòdì! Nínú gbogbo ẹyẹ tí Ẹlẹ́dàá dá! Ẹ ń bá olè tọ́ ọmọ, ẹ tún ń ki í kú oríire!"

"Ìyá Aládìẹ, ẹ dákẹ́."

"Mi ò dákẹ́. Ẹ jẹ́ kó balẹ̀ sórí ọgbà mi lọ́jọ́ kan. Kànnàkànnà wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn mi, ọwọ́ mi ò sì gbọ̀n."

Kì í ṣe òun nìkan. Kò sí ẹni tó ń sin adìẹ tí kì í ju òkúta sí àwòdì. Nítorí náà, bí ọmọ àwòdì yìí bá dàgbà láìbẹ̀rù èèyàn, òkú ni. Àbúrò mi mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó mọ̀ ọ́n ju èmi tí mò ń sọ ọ́ lọ.

Ẹyẹ náà jinná, ó dàgbà. Àna mi kan àgò gígùn kan sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù kó lè máa fi apá rẹ̀ ṣeré ìdárayá níbẹ̀. Bó ṣe kàn án tán ló jáde, kò dúró wo ẹni tó kàn án fún. Ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ tú u sílẹ̀, gbogbo wa ló lọ sí pápá gbalasa tó wà lẹ́yìn ilé-iṣẹ́ búlọ́ọ̀kù. Àbúrò mi múra bí ẹni ń fa ọmọ fọ́kọ. Ìyá Aládìẹ náà wá, ó ní òun fẹ́ mọ ojú olè kí àwọn tó pàdé lẹ́nu iṣẹ́.

Dókítà ṣí àpótí. Àwòdì náà rìn jáde bí ọ̀gá ọlọ́pàá tó wá yẹ bárékè wò, ó na apá méjèèjì, ó gbéra. Ó ga, ó ga, ó yí òrùlé ilé-iṣẹ́ náà po, ó dorí kọ igbó. Inú àbúrò mi dùn débi pé ó gbàgbé ara rẹ̀. Ó dì mí lápá mú. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wò ó! Ẹ wo bó ṣe ń lọ!"

Ẹyẹ náà gbọ́. Ó ṣe lójú ọ̀run bí ọkọ̀ tí awakọ̀ rẹ̀ tẹ bíréèkì lójijì, ó yí padà, ó já ṣòòròṣò wálẹ̀, ó balẹ̀ síwájú àbúrò mi àti ọkọ rẹ̀ tí wọ́n dúró ti ara wọn. Ó ya ẹnu. Ó ń gbọn apá bí ọmọ jòjòló tí ebi ń pa, ó ń ké pé kí wọ́n fún òun ní nǹkan.

Dókítà wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan. "Ta ló ń bá ẹyẹ yìí sọ̀rọ̀?"

"Irú ìbéèrè wo tiẹ̀ nìyẹn?" Ìyá Aládìẹ ló fèsì. "Ta ni ì bá tún jẹ́, bí kì í bá ṣe Bàbá Ọ̀kẹ́rẹ́?"

Gbogbo ojú yí sí àna mi. Àbúrò mi la ẹnu. Mo rí i tó là á. Ó sì pa á dé. Àna mi wo ìyàwó rẹ̀, ó wò ó pẹ́, lẹ́yìn náà ó wo ilẹ̀. Ó ní, "Bí ẹ bá ní èmi ni, èmi náà ni."

"Pẹ̀lú gbogbo wàhálà Màmá!" Inú bí dókítà. "Ẹ máa kúrò nílé fúngbà díẹ̀, Bàbá. Ẹyẹ yìí ò gbọdọ̀ gbọ́ ohùn yín rárá. Màmá nìkan ni kó wà pẹ̀lú ẹ̀, bóyá ó ṣì lè gbàgbé. Bí kò bá gbàgbé, inú àgò ló máa kú sí bíi ti ọ̀kẹ́rẹ́ yẹn."

Ilé mi ni àna mi kó wá. Kó tó pé ọ̀sẹ̀ kan, kò sí ohun tó ń mì nílé mi mọ́. Ó tún àga ṣe, ó tún fèrèsé ṣe, ó tún ilẹ̀kùn tí kò bàjẹ́ ṣe títí tó fi bàjẹ́, ó wá tún un ṣe. Ó ń sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ títí di àṣálẹ́, àfi bí mo bá bi í léèrè ọ̀rọ̀ àwòdì.

"Kí lo tiẹ̀ ń sọ fún ẹyẹ yẹn?"

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé bí ìdè ilẹ̀kùn yìí ṣe ń ké látilẹ̀ nìyí?"

Èmi náà lọ wo àbúrò mi. Nǹkan kò rọgbọ. Ó ti rán apá ẹ̀wù oníbàárà kan mọ́ ibi ọrùn. Kò wo ojú mi. Gbogbo ìgbà tó bá sì la ẹnu ní yàrá iwájú, tó bá sọ pé "ẹ káàbọ̀" lásán, àwòdì á bú sí igbe lẹ́yìn ògiri pákó: kíì-kíì-kíì! Ó wá di pé ọwọ́ ló fi ń bá oníbàárà sọ̀rọ̀. Obìnrin kan bi í pé ìgbà wo laṣọ òun máa jáde. Ó na ìka, ó yí ọwọ́, ó tọ́ka sí ojú ọ̀run. Obìnrin náà kó aṣọ rẹ̀ nílẹ̀. "Ẹ ní ọ̀run ni mo ti máa wọ̀ ọ́? Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ o!" Ó bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, mo wo ojú àbúrò mi, ẹ̀rín náà padà sínú. Ojú ẹni tí aṣọ bọ́ nídìí rẹ̀ lọ́jà ni, tí kò sì rí ibi tó máa gbà.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni dókítà dé. Ó wo ẹyẹ náà, ó mi orí. Ó ní kò gbàgbé, ńṣe ló tún burú sí i, òun máa wá gbé e lọ sínú àgò. Lẹ́yìn náà ló wá sọ ohun tó pa àbúrò mi. Ó fi ọwọ́ lé e léjìká, ó ní, "Ẹ má banú jẹ́, Màmá. Ẹ ò jẹ̀bi. Ẹ ti sa gbogbo ipá yín. Ọkọ yín ló bà á jẹ́."

Bó bá bú u ni, bóyá ì bá ṣì dákẹ́. Ìkẹ́ yẹn ni kò lè gbé mì. Ó ní, "Dókítà, ẹ gbé mi dé ilé ẹ̀gbọ́n mi."

Bí wọ́n ṣe wọlé wá bá wa nìyẹn, téèpù ìwọnṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Àna mi wà lórí àkàbà, ó ń kan àjà ilé mi, ìṣó kún ẹnu rẹ̀. Ìgbà kan ṣoṣo tí ẹnu yẹn máa ń sinmi nìyẹn. Àbúrò mi kúnlẹ̀ sí ẹsẹ̀ àkàbà.

"Bàbá àwọn ọmọ, ẹ sọ̀kalẹ̀."

Ó dáhùn láàárín ìṣó: "Ṣé kò sí?"

"Ẹ sọ̀kalẹ̀. Mi ò lè wòkè sọ ọ́."

Ó sọ̀kalẹ̀. Àbúrò mi ń wo ẹsẹ̀ àkàbà náà, ó ní, "Dókítà, èmi ni. Kì í ṣe àwọn. Èmi ni mò ń bá a sọ̀rọ̀, láràárọ̀, kí n tó ṣílẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù."

"Ẹ̀yin kẹ̀?"

"Èmi ni."

"Kí lẹ ń sọ fún un?"

"Gbogbo nǹkan. Ìyàwó tó ní kí n fún aṣọ òun mọ́ra nígbà tára ẹ̀ ń sanra. Ọkùnrin tó ń rán aṣọ kan náà fún obìnrin méjì. Ta ni mo fẹ́ sọ ọ́ fún? Èmi tí mò ń ní kí gbogbo ayé dákẹ́? Ó máa ń gbórí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á máa wò mí. Mo ní lónìí nìkan. Ọ̀la tún di lónìí nìkan."

"Ẹ wá dúró, ẹ ń wò mí, mo lé Bàbá kúrò nílé wọn!" Ohùn dókítà ti ga. "Ẹ sì mọ̀ pé ohùn tó fi sílẹ̀ tì í gan-an ló ń pa á!"

Àbúrò mi fi orí kan ẹsẹ̀ àkàbà.

Àna mi tu ìṣó sí àtẹ́lẹwọ́. "Dókítà, ẹ rọra. Mo ti mọ̀ tẹ́lẹ̀."

Ìyàwó rẹ̀ gbójú sókè. "Ẹ mọ̀?"

"Èmi ni mo kan pákó tó dá yàrá yẹn sí méjì. Mo mọ ibi tó ti là. Mò ń gbọ́ ẹ láràárọ̀. 'Olówó orí mi, ya ẹnu.' Olówó orí mi! Ẹ̀gbọ́n, láti ọjọ́ ìgbéyàwó wa, mi ò gbọ́ ọ lórí ara mi mọ́. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo rò pé ọkùnrin ló wà níbẹ̀. Mo ti fa òòlù yọ kí ọkùnrin náà tó ké bí àwòdì."

Mo rẹ́rìn-ín. Àgbà ni mí, kò sí ìdérí lẹ́nu tèmi náà. Kò sẹ́ni tó bá mi rín in, mo yára sọ ọ́ di ikọ́.

"Kí ló dé tẹ́ ò sọ?" Àbúrò mi ló bi í.

"Mo mọ bó ṣe máa ń rí lára èèyàn, kí gbogbo ojú yí sí i lẹ́ẹ̀kan náà," àna mi ní. "Mi ò fẹ́ kó ṣe ẹ́."

Ikú yá ju ẹ̀sín lọ, làwọn àgbà wí. Lójú àbúrò mi lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, ikú ti pẹ́ dé. Bí ọkọ rẹ̀ bá gbá a létí ni, ì bá mọ ibi tó ń dùn ún. Ó kàn kúnlẹ̀ síbẹ̀, ó ń fi téèpù náà wé ìka, ó ń tú u.

Dókítà jókòó sórí àga tí àna mi tún ṣe. Ìgbà tí inú rẹ̀ rọ̀, ó ní, "Ohun tẹ́ ẹ sọ yìí lè gbà á là o. Ohùn tó fẹ́ràn ni a máa sọ di ohun tó ń bà á lẹ́rù. Ẹ máa pè é bẹ́ ẹ ṣe ń pè é. Bó bá dé, ẹ dà á lómi, ẹ fi ìdérí ìkòkò pariwo mọ́ ọn, ẹ lé e. Títí ẹ ó fi pè é tí kò ní wá."

"Bí mo ṣe ń pè é gan-an?"

"Gan-an. Kì í ṣe dandan kí ẹlòmíì wà níbẹ̀, mà. Èmi àti ẹ̀yin ti tó."

Ó ronú. Ó ní, "Rárá. Gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́sí ni kó wá."

Fúnra rẹ̀ ló lọ pe Ìyá Aládìẹ. Ó dúró sí ẹnu ọgbà rẹ̀, láàárín adìẹ, ó ní, "Kì í ṣe ọkọ mi. Èmi ni." Ìyá Aládìẹ da gbogbo àgbàdo ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀ fáwọn adìẹ lẹ́ẹ̀kan náà, ó tẹ̀ lé e.

A padà sí pápá. Wọ́n tú ẹyẹ náà sílẹ̀, ó lọ bà sórí òpó iná. Àbúrò mi dúró láàárín pápá, bọ́kẹ́ẹ̀tì omi lápá ọ̀tún, ìdérí ìkòkò méjì lápá òsì. Ó wo ilẹ̀. Ó pe orúkọ náà kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Kò gbọ́, mà," dókítà ní.

Ó pè é sókè, lójú gbogbo wa: "Olówó orí mi! Olówó orí mi, máa bọ̀!"

Ìyá Aládìẹ fọwọ́ bo ẹnu, èjìká rẹ̀ ń mì. Ẹyẹ náà fò wá tayọ̀tayọ̀, ó balẹ̀, ó ya ẹnu. Àbúrò mi gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì sókè, ó dúró. "Ẹ dà á, mà!" Ó dà á. Ó lu ìdérí mọ́ ara wọn, ó pariwo, "Lọ! Kúrò lọ́dọ̀ mi! Lọ!" Ẹyẹ náà fò sẹ́yìn, omi ń kán lára rẹ̀, ó sì ń wò ó bí ọmọ tí ìyá rẹ̀ lù láìṣẹ̀. Èjìká Ìyá Aládìẹ dẹ́kun mímì.

Ó tún pè é. Ó tún wá. Ó tún lé e. Bẹ́ẹ̀ la ṣe títí oòrùn fi ga, tí ohùn rẹ̀ fi ha. Ìyá Aládìẹ fúnra rẹ̀ ló ń sáré lọ pọn omi sí bọ́kẹ́ẹ̀tì. Díẹ̀díẹ̀, ẹyẹ náà kò sún mọ́ ọn tó ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Nígbà tó yá, ó dúró lókè, ó kọ̀, kò balẹ̀. Nígbà tó tún yá, bó ṣe gbọ́ "Olówó" báyìí, kò dúró gbọ́ ìyókù. Ó na apá, ó gba orí igbó lọ.

"Ẹ pè é lẹ́ẹ̀kan sí i," dókítà ní, "ká lè mọ̀."

"Olówó orí mi!"

Ojú ọ̀run dákẹ́. Àna mi ló rọra dáhùn láti ẹ̀yìn, "Mo wà níbí." Dókítà rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, àbúrò mi nìkan ni kò rín. Atẹ́gùn kan fẹ́ wá, ó gbé síkáàfù orí rẹ̀ sọ sínú ẹrẹ̀, kò sì bẹ̀rẹ̀ mú un. Ó ń wo ibi tí ẹyẹ náà gbà lọ.

Ó ṣì ń tọ́jú ẹranko. Ó ṣì le lórí òfin, ṣùgbọ́n kì í pariwo mọ́ ẹnikẹ́ni mọ́. Bí èèyàn bá gbàgbé tó sọ̀rọ̀ ní yàrá ẹ̀yìn, á kàn fọwọ́ kan án lápá, òun gan-an ló sì máa ń kọ́kọ́ wo ilẹ̀.

Ó dáa, nítorí eyín mi: ohun kékeré kan wà tí mo fi kún un. Kò sí atẹ́gùn lọ́jọ́ náà. Síkáàfù yẹn kò já bọ́. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi tú u, ó fi bo ojú, bẹ́ẹ̀ ló sì ṣe rìn dé ilé, ọkọ rẹ̀ ló ń fà á lọ́wọ́.